Kọ́pílìn wo ló yẹ CNC tá a fọwọ́ ara wa tò?

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé orúkọ díẹ̀: CNC ni ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ igi; X àti Y ni ọ̀nà tó ń rìn lórí pákó, Z ni òkè sílẹ̀; stepper ni mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ (step), NEMA 23 sì ni ìwọ̀n ẹ̀; ball screw 1605 àti T8 ni skúrù gígùn tí stepper ń yí kí ẹ̀rọ lè rìn; kọ́pílìn ló so ṣáfùtì stepper mọ́ skúrù yẹn. Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ káàsán ẹ̀gbọ́n. Kápẹ́ńtà ni mí, Apata níbí la wà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ to CNC tá a fi ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Stepper NEMA 23 la lò, ball screw 1605 ló wà ní X àti Y, T8 ló wà ní Z. Kọ́pílìn alumíníọ̀mù tí wọ́n la ojú yíká ara ẹ̀ la fi so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Òbíríkítí tá a bá gé kì í rí róbótó, Z náà máa ń jìn sí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kọ́pílìn Z wá já sí méjì. Ẹnì kan ní ká ra èyí tó le gan-an tí ò ní ojú lílà kankan, ẹlòmíì ní èyí tó ní rọ́bà láàárín ló dáa, wẹ́dà àdúgbò wa ní ká gbé e wá kóun jó o pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká rà?"

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì. Kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ to ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi, pẹ̀lú iná tó ń ṣe ségesège yìí, kì í ṣe nǹkan kékeré, inú mi dùn sí i gan-an. Bí ọ̀rọ̀ ẹ ṣe yé mi, o fẹ́ kí n dárúkọ kọ́pílìn kan tó o máa rà tí òbíríkítí á fi rí róbótó tí Z á sì dúró sójú kan. Màá dárúkọ ẹ̀, mi ò ní fi falẹ̀: èyí tó ní rọ́bà láàárín ni, kó sì jẹ́ irú èyí tó máa ń fún mọ́ ṣáfùtì yíká tó o bá ti di bọ́ọ̀tì ẹ̀, kì í ṣe èyí tí skúrù kékeré máa ń gún ṣáfùtì lára. Àmọ́ tó o bá lọ rà á lónìí tó o sì so ó mọ́ Z yẹn bó ṣe wà, Z yẹn á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ohun tó ń da òbíríkítí rú yàtọ̀ sí ohun tó ń da Z rú, o ò sì ní rí ọ̀kan nínú méjèèjì yanjú tó bá jẹ́ kọ́pílìn nìkan lo pààrọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ́pílìn ní, kó gba yíyí lọ́wọ́ stepper kó gbé e fún skúrù. Ó parí. Títì, fífà, gbígbé ẹrù, kò sí èyí tó kàn án níbẹ̀, bíárìn ló wà fún ìyẹn. Lórí X àti Y ẹ, tó bá jẹ́ pé ẹ ra ball screw 1605 yẹn pẹ̀lú BK12 àti BF12, ilé bíárìn tó sábà máa ń bá a wá, BK12 tó wà lápá stepper ló di skúrù mú kó má baà lọ síwá sẹ́yìn, BF12 tó wà lápá kejì kàn ń gbé e dúró ni, ó fi àyè sílẹ̀ fún un kó lè gùn díẹ̀ tára ẹ̀ bá gbóná. Tí bíìtì, ìyẹn irin tó ń gé igi, bá ń ti igi, BK12 ló ń jẹ ìyà ẹ̀, kọ́pílìn ò tiẹ̀ mọ̀ sí i. T8 tó wà ní Z wá ńkọ́? O ò sọ ohun tó di òun mú lókè, ṣùgbọ́n bí kọ́pílìn ẹ̀ ṣe já sí méjì yẹn, ó jọ pé kò sí nǹkan kan tó di í mú: ráútà, ìyẹn mọ́tò tó ń yí bíìtì, so rọ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì so rọ̀ mọ́ skúrù, skúrù so rọ̀ mọ́ kọ́pílìn, kọ́pílìn wá so rọ̀ mọ́ ṣáfùtì stepper. Gbogbo ẹrù ọ̀hún, orí ohun tí wọn ò ṣe fún ẹrù ló wà.

Ojú tí wọ́n là yíká ara kọ́pílìn yẹn ló sọ ọ́ di sípíríǹgì. Wọ́n là á bẹ́ẹ̀ kó lè tẹ̀ díẹ̀ tí ṣáfùtì méjèèjì ò bá wà lójú ìlà kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó bá lè tẹ̀ á lè gùn, á sì lè sún kì. Ráútà wúwo, ó ń fà á gùn. Bíìtì tí ọnà ẹ̀ máa ń gbé èérún igi sókè, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, máa ń fa ráútà wọnú igi, ìyẹn tún ń fà á gùn sí i. Ìdí nìyẹn tó o fi pàṣẹ pé kó jìn dé ibì kan tó sì kọjá ibẹ̀. Tó bá wá ń yí, ibi tí ojú lílà yẹn parí sí á tẹ̀ síbí á tẹ̀ sọ́hùn-ún ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, alumíníọ̀mù ò sì ní ìfaradà tó irin tó bá dọ̀rọ̀ ká máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, á kọ́kọ́ sán níbi tójú ò ní tètè rí, ọjọ́ kan á já. Tó o bá wo ojú ibi tó ti já yẹn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó o rí apá kan tó ti dúdú, tó ti ń yún ara ẹ̀ tipẹ́, àti apá kan tó ń dán, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó já gangan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ya.

Wàá ti rí ìdí tí mo fi ní onírọ́bà máa ba Z jẹ́ sí i. Onírọ́bà yẹn, irin méjì tó ní eyín ni, rọ́bà wà láàárín eyín wọn, kò sí ohun tó dè wọ́n pọ̀ lọ́nà òkè sílẹ̀. Tí kò bá sí bíárìn tó di T8 mú, eyín méjèèjì á kàn yọ kúrò nínú ara wọn, ráútà á já lu ilẹ̀kùn oníbàárà.

Kí n tó kúrò lórí Z, fọkàn sí ìgbà tó máa ń jìn yẹn. Ṣé ìgbà tí bíìtì wà nínú igi ni, àbí ìgbà tí wọ́n bá múná lọ? Torí T8 oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé tó bá yí lẹ́ẹ̀kan mílímítà 8 ló ń rìn, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gé sára ẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù lọ́jà, èkejì mílímítà 2 péré ló ń rìn. Èyí tó ń rìn 8 yẹn, ọ̀nà ẹ̀ dagun púpọ̀, tí iná bá lọ tí stepper ò di í mú mọ́, ẹrù ráútà á yí i fúnra ẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀, kò kan kọ́pílìn rárá. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe tìẹ náà nìyẹn, èyí tó ń rìn 2 ni kó o fi rọ́pò ẹ̀, a máa lọ́ra díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, agbára tó máa fi gbé ráútà sókè náà á sì pọ̀ sí i.

Ó kù òbíríkítí. Kó o tó ná kọ́bọ̀, gé òbíríkítí mílímítà 100 sórí pákó MDF, fi fẹ́níà, irin tá a fi ń wọn nǹkan dé ìdá mílímítà, wọ̀n ọ́n lọ́nà X, wọ̀n ọ́n lọ́nà Y, kó o wá wọ̀n ọ́n dagun lọ́nà méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọ̀nà tó dagun yẹn ló ti gùn jù, X àti Y ẹ ò bá ara wọn ṣe 90 dígírì, kò sí kọ́pílìn tó máa tún ìyẹn ṣe láyé, férémù ni kẹ́ ẹ tú kẹ́ ẹ tò padà. Tó bá jẹ́ pé apá kan kàn gùn ju ìkejì lọ, tó sì jẹ́ pé bí òbíríkítí bá ṣe tóbi tó ni àṣìṣe yẹn ń tóbi tó, iye step tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò: stepper tó ń gbé step 200 kó tó yí lẹ́ẹ̀kan, lórí skúrù tó ń rìn mílímítà 5, step 40 ló jẹ́ mílímítà kan, kẹ́ ẹ wá fi iye microstep (iye tí wọ́n pín step kọ̀ọ̀kan sí) tó wà lórí dráífà, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń fún stepper níná, sọ ọ́ di púpọ̀, tó bá jẹ́ 8 lẹ lò, 320 nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ ibi tí X tàbí Y ti máa ń pa ojú dà ni òbíríkítí ti máa ń pẹlẹbẹ, plé nìyẹn, ohun kan wà níbẹ̀ tó dẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́ nìyí o: plé yàtọ̀ sí kí kọ́pílìn máa yọ̀ lórí ṣáfùtì. Iye kan náà ni plé máa ń jẹ́, tó bá jẹ́ ìdajì mílímítà láàárọ̀, ìdajì mílímítà ni lálẹ́. Yíyọ̀ a máa kó jọ ni, tẹ́ ẹ bá ṣe ilẹ̀kùn gígùn kan, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ á dáa, ìparí ẹ̀ á ti ṣí kúrò láyè ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì dá ẹ̀rọ padà sí òdo kò ní bá ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ohun tó lè fi hàn yín kò gba owó: ẹ mú máákà, ẹ fa ìlà tín-ín-rín kan láti ara ṣáfùtì stepper gba orí kọ́pílìn lọ sára skúrù, ẹ ṣe é fún X, Y àti Z. Ẹ ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, kẹ́ ẹ wá wò ó. Tí ìlà yẹn bá ti ya, ibi tó ti ya ni kọ́pílìn ti ń yọ̀. Tí ìlà bá ṣì gún régé ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ sọ àyè ẹ̀ nù, stepper gan-an ló ń pàdánù step, iná tẹ́ ẹ fún un lórí dráífà kéré ni tàbí ẹ ń sáré jù níbi tó ti ń gbéra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pààrọ̀ kọ́pílìn tó dáa nítorí dráífà tí wọn ò sẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ, ó sì máa ń dùn mí, torí owó kápẹ́ńtà ò pọ̀ tó ohun téèyàn lè máa fi ṣòfò.

Tó bá jẹ́ pé ó ń yọ̀ lóòótọ́, ihò kọ́pílìn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ṣáfùtì NEMA 23 tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ mílímítà 6.35, ìyẹn kúọ́tà íǹṣì, àwọn kan jẹ́ 8. Imú 1605 tí wọ́n bá gé fún BK12 jẹ́ 10, T8 jẹ́ 8. Èyí túmọ̀ sí pé 6.35 sí 10 lẹ nílò fún X àti Y, 6.35 sí 8 fún Z, àyàfi tí ṣáfùtì tiyín bá jẹ́ 8, ẹ fi fẹ́níà wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. 6.35 yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ torí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ni wọ́n á bá fún èèyàn ní oníhò 6, tí kò ní wọlé, kẹ́ni yẹn wá fi dírílì ọwọ́ lu ihò yẹn kó fẹ̀ sí i, tàbí wọ́n á fún un ní oníhò 8, kó wá gé agolo mílíìkì wé ṣáfùtì kó lè fún. Méjèèjì ló ń gbé àárín kọ́pílìn kúrò láàárín. Ihò tí dírílì ọwọ́ lù kì í gún, agolo tí wọ́n wé kì í nípọn bákan náà yíká, skúrù á wá máa fì bó ṣe ń yí, igi tẹ́ ẹ gé á máa ní ìlà tó ń padà wá léraléra lára ẹ̀, lórí 1605 ní gbogbo mílímítà 5. Tí ihò tẹ́ ẹ fẹ́ ò bá sí, ẹ ra èyí tí ihò ẹ̀ kéré, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ní lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kó lè gé e, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó fi dial gauge, aago tó ń fi hàn bí nǹkan bá ń fì, wò ó kó tó gé e. Ẹ gbé stepper gan-an dání lọ, kó fi ṣáfùtì ẹ̀ dán ihò náà wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò.

Nípa àwọn kọ́pílìn fúnra wọn, èyí tó le tí ò ní ojú lílà yẹn kì í ṣe nǹkan burúkú. Kò ní plé, kì í lọ́, kò wọ́n. Àléébù ẹ̀ ni pé kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ronú nípa èèyàn méjì tó gbé pákó gígùn léjìká tí ọ̀kan ga ju èkejì: tí wọ́n bá fi okùn de pákó yẹn mọ́ wọn léjìká pinpin, gbogbo ìṣísẹ̀ ni á máa fa ọrùn ẹnì kan. Bó ṣe máa ṣe bíárìn stepper yín nìyẹn tí stepper bá ga ju skúrù lọ ní ìwọ̀n irun orí péré, bẹ́ẹ̀ férémù tí wẹ́dà jó, tí iná ti fa irin ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kò sí bó ṣe máa gún dé ibẹ̀. Bíárìn inú stepper ò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa tì í lọ́nà gígùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ti ṣáfùtì gidi á rìn wọlé, ìrìn yẹn á sì hàn nínú iṣẹ́ yín. Ẹ fi èyí tó le sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé férémù ẹ̀.

Ojú lílà tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà ní àyè tiẹ̀. Lórí ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bírò yàwòrán, tàbí 3D printer tí ẹrù ẹ̀ fúyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, kò sì ní plé. Lórí ráútà tó ń gbẹ́ ìrókò, mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀. Kọ́pílìn tí wọ́n ń pè ní Oldham wà, ege mẹ́ta ni, àárín ẹ̀ jẹ́ ike líle, ó fara da kí stepper àti skúrù má bára dọ́gba ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ike àárín yẹn máa ń jẹ, tó bá ti jẹ plé ti dé. Èyí tó ní irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín àti èyí tí ara ẹ̀ wún jọ dára púpọ̀, wọn ò ní plé rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gé irin pẹ̀lú servo, mọ́tò tó ń mọ ibi tó wà fúnra ẹ̀, ló nílò irú wọn, ó wọ́n, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ líle mú un níjọ́ tẹ́ ẹ ń so ó ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ti wẹ́dà yín, ẹ kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kó má jó o. Ooru yẹn á wọ inú stepper lọ ba bíárìn àti mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́, irin tí iná bá sì fà kì í gún mọ́.

Ìdí tí mo fi mú onírọ́bà ni pé ó ń gba àṣìṣe díẹ̀ mọ́ra, ó ń pa gbígbọ̀n stepper, tí rọ́bà ẹ̀ bá sì jẹ, ẹ kàn máa pààrọ̀ rọ́bà ni, kódà tó bá ya pátá eyín méjèèjì á ṣì gbára lé ara wọn, kò ní kàn dá yín dúró sáàárín iṣẹ́. Ẹlòmíì á ní rọ́bà yẹn ń lọ́, òótọ́ ni, ó ń lọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀: tó bá lọ́ odindi dígírì kan, lórí skúrù tó ń rìn mílímítà 5, 5 tá a pín sí ọ̀nà 360 ni, kò tó mílímítà 0.014. Pákó tẹ́ ẹ rà ní Bodija á sún kì ju bẹ́ẹ̀ lọ fúnra ẹ̀ tí ọyẹ́ bá fẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni kí rọ́bà má dẹ̀ láàárín eyín. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó, ó yẹ kó le díẹ̀ kó tó wọlé, tó bá kàn bọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́, plé ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Àwọ̀ rọ́bà máa ń sọ bó ṣe le sí, ṣùgbọ́n àwọ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ béèrè: 92A tó fún igi, 98A le jù ú lọ, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ gé alumíníọ̀mù tàbí bíráàsì. Agbára tí wọ́n kọ sára kọ́pílìn náà, kó tó ìlọ́po méjì ti stepper yín. Onírọ́bà ńlá tí wọ́n fi ń so pọ́ǹpù omi mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara pọ́ǹpù, ẹ má rà á, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín eyín wọn, pọ́ǹpù ò mọ̀, ẹ̀yin á mọ̀.

Bíárìn Z ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kódà kẹ́ ẹ tó ra kọ́pílìn. Bíárìn 608 kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ihò ẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, ìta ẹ̀ 22, ó nípọn 7. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní lathe gé àyè méjì sínú irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, kó fi irin díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn kí wọ́n má lè là á kọjá, kí T8 gba àárín wọn, kẹ́ ẹ wá fi kọ́là, òrùka irin tó ń fún mọ́ra, di í lókè àti nísàlẹ̀ títí tí kò fi ní mì sókè sódò mọ́. Èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ ni bíárìn tí wọ́n ṣe fún títì, F8-16M lorúkọ ẹ̀, 8 sí 16, ó nípọn 5, méjì náà lẹ máa fi há irin yẹn láàárín, àmọ́ ẹ ṣì nílò 608 kan tó máa mú skúrù dúró láàárín gbùngbùn, torí F8 ò lè ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ di ráútà mú kẹ́ ẹ gbé e sókè ẹ tì í sílẹ̀, láì so stepper rárá. Tí ẹ bá gbọ́ tàbí tí ẹ mọ̀ pé ó rìn, bíárìn ò tíì fún tó, tàbí kí nọ́ọ̀tì T8 fúnra ẹ̀ ti jẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa so kọ́pílìn: ẹ fi thinner nu òróró tó wà nínú ihò ẹ̀ àti lára ṣáfùtì, ọ̀pọ̀ kọ́pílìn tuntun lòróró ń bẹ nínú ihò ẹ̀, òróró yẹn sì ń jẹ́ kó yọ̀. Ẹ tú bọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin stepper dẹ̀ díẹ̀, ẹ di kọ́pílìn mọ́ ṣáfùtì méjèèjì, ẹ fi nǹkan bíi mílímítà kan sílẹ̀ kí irin méjèèjì má fi rọ́bà ti ara wọn, ẹ wá fọwọ́ yí skúrù jẹ́jẹ́ kí stepper wá àyè ẹ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ tó di àwọn bọ́ọ̀tì yẹn padà dagundagun, díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó ṣe é o, ẹ má sì yọ wáyà stepper nígbà tí dráífà wà lórí iná, á jó dráífà. Tó bá ń le lápá kan tó ń rọ̀ lápá kejì bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, kò tíì gún. Tó bá jẹ́ onískúrù kékeré nìkan lẹ rí rà, ẹ fi fáìlì rẹ́ ara ṣáfùtì díẹ̀ kí skúrù lè rí ibi pẹlẹbẹ tẹ̀ lé, ẹ fi Loctite 243, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí skúrù tú, sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi nylon wé imú stepper kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ kí èérún irin má wọ bíárìn. Ẹ má tú inú stepper láé, tí irin àárín ẹ̀ bá ti jáde, agbára mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti dín kù nìyẹn.

Mi ò tíì fojú rí ẹ̀rọ yín, torí náà ohun tí mo sọ nípa Z, bí kọ́pílìn ṣe já ni mo fi gbé e, ti X àti Y gan-an mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà títí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ẹ gé òbíríkítí 100 yẹn, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi, X, Y àti dagun méjèèjì, pẹ̀lú fọ́tò ìlà máákà lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan. Tí ìlà bá gún tí plé sì ṣì wà, a jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ball screw tàbí BK12 la máa yẹ̀ wò, ẹ má tíì ra kọ́pílìn X àti Y kó tó dìgbà yẹn, ti Z nìkan ni kẹ́ ẹ rà.